Bàbá wa ní àìlera ọkàn: ṣé ó yẹ ká gba iye ọdún tí ẹ̀rọ ìṣirò sọ gbọ́?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Bàbá wa, ẹni ọdún 68, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé. Kí wọ́n tó dá wọn dúró níbẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ti wú dé orúnkún, wọn kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn àfi kí wọ́n fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé orí sókè, wọ́n sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí wọ́n bá rìn láti yàrá dé balùwẹ̀. Dókítà ní ọkàn wọn kò lágbára láti tú ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́. Ejection fraction wọn, ìyẹn ìdá ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù, jẹ́ 28 nínú 100. Wọ́n ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀, kíndìnrín wọn náà kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Ohun tó gbé mi wá síbí ni pé àbúrò mi ọkùnrin kó gbogbo èsì àyẹ̀wò yìí sínú ẹ̀rọ ìṣirò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó sì bá jáde ni pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó rí bíi bàbá ni yóò ti kú kí ọdún mẹ́ta tó pé. Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú wa. Àbúrò mi fẹ́ ká sọ fún bàbá kí wọ́n lè to ọ̀rọ̀ ilé wọn. Ìyá wa kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ṣé a lè gba irú èsì bẹ́ẹ̀ gbọ́? Bí a bá sì lè gbà á gbọ́, ṣé ó yẹ ká sọ ọ́ fún wọn?

Ìdáhùn dókítà kan tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn ọkàn

Ẹ kú aájò bàbá o. Nínú irú àwọn ẹ̀rọ ìṣirò bẹ́ẹ̀, ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ dókítà mọ̀ ni MAGGIC, tó jáde ní 2013. Àkọsílẹ̀ aláìsàn 39,372 láti inú ìwádìí 30 ni wọ́n fi ṣe é, nǹkan 13 ló sì máa ń béèrè, tí ọjọ́ orí, ejection fraction, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ipò kíndìnrín, àtọ̀gbẹ, sìgá mímu àti lílo beta-blocker (oògùn tó ń mú kí ọkàn máa lù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́) wà lára wọn. Iṣẹ́ gidi ni, kò sì yẹ ká fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èrò púpọ̀ ló ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Bí ó bá ní ìdajì, ohun tó ń wí ni pé nínú 100 ènìyàn tó rí báyìí, nǹkan bí 50 yóò kú láàárín àkókò yẹn, nǹkan bí 50 yóò sì wà láàyè. Kò mọ apá ibi tí bàbá yín wà. Bí a bá mú aláìsàn méjì tí ọ̀kan kú tí èkejì sì yè, nǹkan bí ìgbà 7 nínú 10 ni irú ìṣirò yìí máa ń mọ ẹni tó wà nínú ewu jù. Bí a bá kàn da owó ẹyọ sókè, a ó gba ìgbà 5 nínú 10.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun méjì kún un. Èkíní, àkọsílẹ̀ àtijọ́ ni ìṣirò náà gbé ìdúró rẹ̀ lé, nígbà tí àwọn oògùn kan tí à ń lò báyìí kò tíì sí nínú ìtọ́jú yìí. Ní 2014 ni ìwádìí PARADIGM-HF fi agbára sacubitril pẹ̀lú valsartan, oògùn méjì tí wọ́n pò pọ̀ fún àìlera ọkàn, hàn, ní 2019 sì ni DAPA-HF fi hàn pé dapagliflozin, tó jẹ́ oògùn àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀, ń dín ikú àti ìpadàsí ọsibítù kù fún àwọn tí ọkàn wọn rí bíi ti bàbá, ì báà jẹ́ wọ́n ní àtọ̀gbẹ tàbí wọn kò ní. Èkejì ló ṣe pàtàkì jù lójú mi: èsì ọjọ́ wo ni àbúrò yín kó sínú rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ti ọjọ́ tí bàbá wọ ọsibítù, tí wọ́n ń mí hẹlẹ, tí wọn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn kankan, a jẹ́ pé ẹni tí kò gba ìtọ́jú ni ìṣirò náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí èmi fúnra mi máa ń wò ju òǹkà yẹn lọ. Ẹni tó ń padà sí ọsibítù léraléra nítorí ọkàn wà nínú ewu ju ẹni tí kò padà lọ, bí ejection fraction àwọn méjèèjì tilẹ̀ jọ ara wọn. Èròjà NT-proBNP, tí ọkàn máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wàhálà bá pọ̀ fún un, ń kọ́? Bí ó bá já wálẹ̀ dáadáa kí aláìsàn tó lọ sílé, àmì rere ni. Bí kò bá yí padà, mo máa ń tètè pe aláìsàn náà padà. A sì gbọ́dọ̀ rántí pé àìsàn kíndìnrín máa ń gbé e sókè, ara sísanra sì máa ń fà á wálẹ̀. Ohun tó máa ń ya àwọn ẹbí lẹ́nu ni pé nínú àìsàn yìí, ìfúnpá tó lọ sílẹ̀ jù máa ń bà wá lẹ́rù ju èyí tó ga díẹ̀ lọ, nítorí ó lè jẹ́ àmì pé ọkàn ti rẹ̀ jù, kì í sì í jẹ́ kí a lè fún aláìsàn ní oògùn tó tó. Bákan náà ni ẹni tó ń rù láìgbìyànjú láti rù.

Ìdáhùn ọmọ ẹgbẹ́ kan

Tèmi ni pé kí ẹ má sọ ọ́ fún bàbá rárá. Àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn kò nílò ìròyìn tó lè mú un rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ gbàdúrà, ẹ ra oògùn, ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣirò jùnù.

Ìdáhùn ẹnì kan tí àìlera ọkàn ń ṣe

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, ṣùgbọ́n aláìsàn ni èmi fúnra mi, mi ò sì lè fara mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn ará ilé mi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní yàrá kejì, ohun tí mo ń rò lọ́kàn burú ju ohun tí dókítà ní í sọ lọ. Ohun tí mo fẹ́ nígbà náà ni kí ẹnì kan bi mí pé báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ tó. Ẹ bi bàbá bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gbọ́, kí dókítà sọ ọ́ níṣojú yín. Bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ kó máa gbọ́ ọ dípò wọn.

Ejection fraction tèmi kò tó 25 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ti ju 45 lọ báyìí. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni tirẹ̀ ń gòkè bẹ́ẹ̀, mi ò sì fi ṣèlérí fún yín. Ṣùgbọ́n bí ti bàbá bá gòkè, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé wọ́n ti sàn, kí wọ́n dá oògùn dúró. Nínú ìwádìí TRED-HF, àwọn tí ọkàn wọn ti padà bọ̀ sípò ni wọ́n yọ oògùn fún díẹ̀díẹ̀, 44 nínú 100 wọn ni àìsàn náà sì padà sí lára láàárín oṣù mẹ́fà.

Ìdáhùn nọ́ọ̀sì kan

Ẹ ra òṣùwọ̀n ara. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí bàbá bá ti tọ̀ tán, kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n gun orí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìwọ̀n ara wọn bá fi ju kílò 2 lọ sókè láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ló ń gbára jọ, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wú. Ẹ yàgò fún ibuprofen àti diclofenac bí ìrora bá mú wọn, nítorí wọ́n ń dá omi dúró sára, wọ́n sì ń ṣe kíndìnrín léṣe.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀ o. Mo ti bi àbúrò mi. Èsì ọjọ́ tí bàbá wọ ọsibítù ló lò, kò sì fi oògùn kankan sí i. Ṣé kí a tún un ṣe báyìí?

Ìdáhùn dókítà náà

Ẹ ní sùúrù ná. Ohun tí ẹ máa bi dókítà bàbá ní ọ̀sẹ̀ yìí ni bóyá wọ́n ti wà lórí ọ̀wọ́ oògùn mẹ́rin tó yẹ, ìyẹn beta-blocker, sacubitril pẹ̀lú valsartan tàbí irú rẹ̀, spironolactone, àti dapagliflozin tàbí empagliflozin. Bí ọ̀kan bá sì wà tí wọn kò fún wọn, kí ni ìdí rẹ̀. Ẹ tún bi wọ́n bí wọn yóò ṣe tètè gbé ìwọ̀n àwọn oògùn náà ga sí. Nínú ìwádìí STRONG-HF tó jáde ní 2022, àwọn tí wọ́n yára gbé oògùn wọn ga, tí wọ́n sì ń ṣàyẹ̀wò wọn léraléra, 15.2 nínú 100 ló kú tàbí padà sí ọsibítù nítorí ọkàn láàárín ọjọ́ 180, nígbà tí ti àwọn tó gba ìtọ́jú bí a ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀ jẹ́ 23.3. Nítorí kíndìnrín bàbá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti pọtásíọ̀mù gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé ìgbésókè kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta lórí oògùn tó pé, kí wọ́n tún ya àwòrán ọkàn náà. Bí ejection fraction bá ṣì wà ní 35 tàbí kó dín sí i, ẹ béèrè nípa ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ àyà láti dènà ikú òjijì. Ìgbà yẹn ni mo lè jókòó tì yín ṣe ìṣirò náà. Ní ti títo ọ̀rọ̀ ilé, ó dára kí bàbá ṣe é bí wọ́n bá fẹ́, gẹ́gẹ́ bó ti dára fún ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ orí wọn; kò ní kí ìtọ́jú dúró.