Ta ló ti fa ọ̀rá orúnkún yọ rí? Ìkúnlẹ̀ ló ká mi lára

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 41 ni mí, Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ọ̀rá kan wà lápá inú orúnkún mi méjèèjì, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń kanra wọn. Oṣù 8 ni mo fi ń rìn láti Mọ́kọ́lá dé Sángo láràárọ̀. Mo jáwọ́ nínú àmàlà alẹ́, ìwọ̀n mi sì fi kílò 11 dín kù. Ojú mi rù, apá mi rù; orúnkún wà bó ṣe wà.

Mo lọ bá dókítà oníṣẹ́ abẹ. Torí pé ẹsẹ̀ ìyá mi náà rí bẹ́ẹ̀, mo bi í bóyá lipedema ni, ìyẹn àìsàn tí ọ̀rá fi ń kó jọ sí ẹsẹ̀ lọ́nà àìtọ́, tó sì lè wà nínú ìdílé. Ó tẹ ibẹ̀ wò, ó ní ìyẹn máa ń dunni, ẹ̀jẹ̀ sì tètè máa ń dì sábẹ́ awọ ibẹ̀ tí nǹkan bá kàn án díẹ̀. Tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní wọ́n á fa omi tó ní oògùn apa-ìrora sí i, wọ́n á ti ọ̀pá tín-ín-rín oníhò bọ̀ ọ́, wọ́n á fa ọ̀rá jáde. Màá wọ aṣọ tó fún mọ́ ẹsẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wíwú náà sì lè pẹ́ tó oṣù bíi mélòó kan.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bèèrè ìkúnlẹ̀, "ara ò dọ́gba" ni gbogbo èsì rẹ̀. Ìgbéyàwó àbúrò mi ń bọ̀ ní Dìsẹ́ńbà, èmi ni àgbà obìnrin ilé wa. Mi ò lè dúró gbagidi kí àwọn àna.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é ní orúnkún gan-an, kì í ṣe ní ikùn: ọ̀sẹ̀ mélòó ló gbà kẹ́ ẹ tó lè kúnlẹ̀ láìsí ìrora?