Àṣìṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ni, àbí àgbọ́njù?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àríyànjiyàn lórí orúkọ tó yẹ ká máa fi Yorùbá pe ìpinnu burúkú akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní kí a máa pe gbogbo ìpinnu tó bá kó kíláàbù sí yọ́ọ́yọ́ọ́ ní "àṣìṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá". Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ṣe àṣìṣe, kò mọ̀ọ́mọ̀.

Ẹ wo ohun tí Guardiola, akọ́nimọ̀ọ́gbá Manchester City nígbà náà, ṣe ní Porto, ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2021, àṣekágbá Champions League láàárín Manchester City àti Chelsea. Ní sáà yẹn, Rodri tàbí Fernandinho ló sábà máa ń dúró níwájú àwọn ẹ̀yìn, tí í gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò kó tó súnmọ́lé. Lọ́jọ́ ìdíje gan-an, bẹ́ǹṣì ni ó fi àwọn méjèèjì sí. Gündoğan, tó gbá góólù 13 wọlé nínú líìgì lọ́dún náà, ni ó ní kó wá máa ṣọ́ àárín. Ní ìṣẹ́jú 42, Mason Mount ti Chelsea fi bọ́ọ̀lù kan la àárín City já, Havertz ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá tẹ̀ lé e, ó yọ lára Ederson tó ń ṣọ́ilé City, ó rọra tì í sínú àwọ̀n òfìfo. Ó di ìṣẹ́jú 64 kí ọ̀gá tó rántí Fernandinho. Chelsea ti gba ife lọ nìyẹn, 1-0.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́: ṣé ìyẹn ṣèèṣì ni? Ó rò ó, ó tún un rò, ó yàn án. Ní oṣù Kẹjọ 2020 ní Lisbon, ó ti da ètò rẹ̀ rú bẹ́ẹ̀ nítorí kíláàbù Lyon, ó to ẹ̀yìn mẹ́ta, wọ́n nà án 3-1.

Àwọn kan dábàá "àròjù". Létí tèmi, àròjù ni ti ẹni tí gbèsè ò jẹ́ kó sùn. Níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù, ohun tí wọ́n ń pariwo ni pé "bàbá yìí tún ti gbọ́njù!" Àgbọ́njù, ìyẹn kí ọgbọ́n ẹni pọ̀ jù, ni kó jẹ́, bí a ṣe ní àṣejù àti àmujù. Wọ́n ní èébú wà nínú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣé oríkì ni ẹ fẹ́ ká kì í ni?

"Ṣì" náà ní ibi tirẹ̀. Ní Istanbul, 2005, nínú àṣekágbá ife kan náà láàárín Liverpool àti Milan, Benítez, akọ́nimọ̀ọ́gbá Liverpool, fi Kewell bẹ̀rẹ̀ eré, ó fi Hamann sí bẹ́ǹṣì. Kewell fara pa kí ìdajì tó pé, Milan sì ti gbá mẹ́ta wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi. Hamann wọlé lẹ́yìn ìsinmi, Liverpool dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, wọ́n fi pẹnáritì gba ife. Àṣìyàn nìyẹn: ó ṣì í yàn, ó rí i, ó tún un ṣe.

"Àṣìpààrọ̀", ìyẹn kí akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣi agbábọ́ọ̀lù pààrọ̀, ló ń ṣe mí ní kàyéfì. Nínú àṣekágbá ti 1999, Bayern ń na Manchester United 1-0 nígbà tí Hitzfeld, akọ́nimọ̀ọ́gbá Bayern, yọ Matthäus ní ìṣẹ́jú 80. Nígbà tí 90 ìṣẹ́jú pé, Sheringham gbá kan wọlé fún United, Solskjær gbá ìkejì. Títí dòní ni wọ́n ń bú Hitzfeld. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Matthäus jáde, Jancker ti Bayern fi bọ́ọ̀lù gbá ọ̀pá òkè. Ká ní ó wọlé ńkọ́, ta ni ì bá pè é ní àṣìpààrọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ mú ọ̀rọ̀ yẹn wá, ẹ dá mi lóhùn.