"Ilé" di "elé", "ìbọn" di "ìban": ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọmọ ọdún 8 ni ọmọ wa, kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà. Ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì geere, àmọ́ bí a bá pe ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un pé kó kọ ọ́, "ilé" a di "elé", "ìyá" a di "eyá". Ohun tó fà á ò fara sin: "íì" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe lẹ́tà E, ìró yẹn náà ló sì ń gbọ́ nínú "ilé".

Ìṣẹ́jú 15 là ń lò lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ (ebi àti ìwé kì í bára wọn gbé). Fáwẹ̀lì 7, a e ẹ i o ọ u, wà lórí páálí, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí tirẹ̀. Á kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ náà, i-lé, ẹ̀ẹ̀mejì, kó tó mú páálí. Ọ̀rọ̀ 6 péré. Tó bá di 10, ohun tó bá ṣáà ti wá sí i lọ́kàn ló ń kọ. Bí omi bá ti lé sí i lójú, a ó pa ìwé dé.

"E" àti "i" ti ń tò. "An" àti "ọn" ló kù, torí ìró kan náà ni létí. Ṣé ká kọ́ ọ lófin pé "ọn" là ń kọ lẹ́yìn b, f, gb, p àti w, àbí kó máa rí "ìbọn", "gbọ́n" àti "pọ́n" lemọ́lemọ́ títí yóò fi mọ́ ọn lójú? Àmì ohùn ńkọ́, ṣé ká fi í sílẹ̀ ná?