"Aṣaòkúta" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "awakùsà aláfẹ́"

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè wa, mo kí yín láti Ẹ̀pẹ́. Mo ti ka àbá ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń gbé Ìkòròdú, ẹni tí ó ní kí a máa pe àwọn tí ń lọ wá òkúta aláràbarà kiri lórí àwọn òkè aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà, fún ìgbádùn ara wọn, ní "awakùsà aláfẹ́". Ẹ̀gbọ́n wa tún ní kí òkúta roboto tí wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní ẹyin àrá, máa jẹ́ "ẹdùn àrá" lọ́dọ̀ wa. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Iṣẹ́ ajé ni kùsà wíwà. Òfin tí ó de ohun àlùmọ́ọ́nì ní Nàìjíríà, ti ọdún 2007, fi gbogbo rẹ̀ sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀, ẹni tí yóò bá sì wà á gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó lọ sí àwọn òkè Glass Buttes ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà kò bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ: ilẹ̀ ìjọba ni, òfin sì gbà á láyè láti mú ìwọ̀nba fún ara rẹ̀, láìtà á. Nítorí pé igi àti koríko kò pọ̀ ní aṣálẹ̀, ọ̀pọ̀ òkúta wà ní gbangba. Yóò mú ọ̀kan, yóò ta omi sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè hàn, yóò gbé etí rẹ̀ sí oòrùn wò, bí kò bá sì wù ú, yóò dá a padà sílẹ̀. Ní ọjà ẹja Olúwo níhìn-ín, bí àwọn ìyá wa bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ agbọ̀n edé, tí wọ́n ń yọ pàǹtí, tí wọ́n ń ya ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré, a kì í sọ pé wọ́n ń kó edé. A ní wọ́n ń ṣa edé. "Ṣà" ni ọ̀rọ̀ tí ó ní yíyàn nínú, yíyàn sì ni gbogbo adùn eré yìí.

Nítorí náà ni mo fi dábàá "aṣaòkúta". Bí a bá sún un kì, tí a kọ ọ́ ní "aṣòkúta", ẹlòmíràn lè rò pé ẹni tí ń ṣe òkúta ni. Abẹ́òkúta kò pa fáwẹ̀lì kankan jẹ, ojú wa sì ti mọ́ ọn.

Ti "ẹdùn àrá" ni ó ká mi lára jù. Ọ̀rọ̀ náà ti ní olówó: òkúta dídán bí àáké tí a máa ń hú nínú ilẹ̀, tí àwọn olórìṣà gbà pé Ṣàngó ni ó sọ ọ́ láti òkè, tí ó sì wà ní ojúbọ rẹ̀ títí di òní. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní ọwọ́ àwọn ará àtijọ́ ni ó gbẹ́ ẹ. Ẹyin àrá àwọn Òyìnbó, èyí tí Oregon sọ di òkúta ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1965, kò bá a tan rárá. Inú àpáta tí òkè ayọnáyèéfín pọ̀ ni ó ti ṣù jọ, tí ihò wà láàárín rẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ tí ó gbé irú èròjà tí ó wà nínú yanrìn ń rin wọ inú ihò náà, èròjà yìí sì ń dì ní ìpele lórí ìpele. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí pákapàka, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ayùn là á, ìlà funfun àti àwọ̀ aró lè yọ, pẹ̀lú pupa àti ìyeyè tí irin fún un, nígbà mìíràn ní ìrísí ìràwọ̀. "Ẹyin àpáta" ni kí a pè é, nítorí inú àpáta ni ó wà bí ẹyin, kò sì sí àrá kankan níbẹ̀.

Ó ku òkúta dúdú tí wọ́n ń ṣà ní Glass Buttes, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní obsidian. Dígí gidi ni, òkúta yíyọ́ tí ó tutù kíákíá débi pé kò ráyè dì bí òkúta yòókù. "Dígí àpáta" ni mo ní lọ́wọ́ báyìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá súnmọ́ àwọn tí ń ṣe sègi, kí ó jọ̀wọ́ bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pe dígí tí a kò tíì fi rọ ìlẹ̀kẹ̀.