Báwo ni oògùn ṣe rí ẹ̀mí mú?

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Láìpẹ́ yìí ni àwọn dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá mi níhìn-ín ní Òṣogbo, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fún wọn sì mú wọn sùn fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n ní kì í ṣe oorun ni àwọn sùn, nítorí pé ẹni tó sùn a máa mọ̀ lára pé àkókò ti lọ. Ńṣe ni ó dà bí ẹni pé a gé wákàtí mẹ́ta náà kúrò nínú ayé àwọn. Bí ìmọ̀lára bá jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ nìkan, báwo ni oògùn ṣe pa á láìpa ọpọlọ? Bí ó bá sì jẹ́ ti ẹ̀mí, báwo ni oògùn ṣe rí ẹ̀mí mú?

Olùkọ́ Òkè-Fìà:
Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ọlọ́run yóò mú wọn lára dá. Ìbéèrè yín kejì fara pẹ́ èyí tí Elisabeth, ọmọba obìnrin láti Bohemia, kọ sí Descartes, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Faransé, ní 1643. Descartes kọ́ni pé ọ̀tọ̀ ni ọkàn, ọ̀tọ̀ ni ara. Ọmọba náà sì béèrè bí ohun tí kò ṣe é fọwọ́ kàn ṣe lè mi ẹran ara. Lójú tèmi, Descartes kò rí èsì gidi fún un. Anton Wilhelm Amo, ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, tí ó kàwé tí ó sì kọ́ni ní Jámánì, gba ọ̀nà mìíràn: ní Wittenberg ní 1734, ó ní ara ni ó ń ní ìmọ̀lára, kì í ṣe ọkàn. Bí ó bá tọ̀nà, kò yani lẹ́nu pé oògùn rí ìmọ̀lára mú. Ṣùgbọ́n níbo wá ni òye ìyá yín wà ní wákàtí mẹ́ta náà?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Baálẹ̀:
Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní ìdáhùn. Bernard Baars, onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń ronú, sọ ní 1988 pé òṣìṣẹ́ pọ̀ nínú ọpọlọ, olúkúlùkù ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe, àti pé ohun tí a kéde fún gbogbo wọn nìkan ni a ń mọ̀ lára. Oògùn lè pa akéde lẹ́nu mọ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ sì wà láàyè.

Aláró:
Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ wa sọ ọ́. Afọ́jú àbínibí lè kọ́ gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ewé ẹ̀lú àti omi eérú, kí ó mọ̀ pé aṣọ tó jáde nínú ìkòkò aró a kọ́kọ́ máa dà bí ewé kí afẹ́fẹ́ tó sọ ọ́ di aró, kí ó tún mọ ohun tí ojú àti ọpọlọ ń ṣe sí i. Bí ojú rẹ̀ bá là lọ́jọ́ kan tí ó rí aró, ǹjẹ́ kò ní mọ ohun tuntun? Mo gbà pé akéde lè dákẹ́. Ohun tí David Chalmers, onímọ̀ ọgbọ́n-orí, pè ní ìṣòro tó le, ní 1995, ni ìdí tí ìkéde náà fi ń di ohun tí ẹnì kan ń rí, tí ó sì ń dùn mọ́ ọn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:
Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìyá mi létí. Wọ́n ní ti aró ni ó sún mọ́ ohun tí àwọn ní lọ́kàn jù, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí Nọ́ọ̀sì sọ bóyá akéde a máa dákẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú oorun lásán, nígbà tí ènìyàn kò bá lá àlá.