Ẹ̀yin tí ẹ ti hán rúlà rí nílé ẹ̀kọ́, ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Òròkí: Mo kí gbogbo ilé. Lálẹ́ àná, ọmọ mi tó wà nílé ẹ̀kọ́ kan lágbègbè Òkè-Fíà ní kí n wá bá òun ṣe iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n fún wọn. Ó ya àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e síbi òdo rúlà, mo jọ̀wọ́ rúlà náà láìsọ fún un, ó sì hán an ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé nǹkan bí 0.2 ìṣẹ́jú àáyá ni ojú rẹ̀ fi rí i, tí ọpọlọ fi ránṣẹ́, tí ọwọ́ fi dáhùn. Nígbà tó kan èmi, 26 ni. Kí ni ẹ̀yin bá níbẹ̀?

Aláṣọ Gbọ̀nmi: Sẹ̀ǹtímítà 4 ni mo ti hán tèmi lọ́dún 1998, gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìyá Ìbejì: Táíwò mi hán an ní 17, Kẹ́hìndé ní 24. Tíṣà wọn wá sọ lójú gbogbo ọmọ pé ọpọlọ Kẹ́hìndé kò yá, ọmọ náà sì sunkún wálé. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní.

Rúlà Onígi: Irú rúlà wo ni wọ́n lò? Onígi wúwo ju oníke lọ, ó sì gbọ́dọ̀ yára bọ́ jù ú lọ.

Tíṣà Fìsíìsì: Wíwúwo kò kan án, àbúrò. Ẹ jọ̀wọ́ méjèèjì pa pọ̀ láti ibi kan náà, ìró kan ṣoṣo ni ẹ ó gbọ́ nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí rúlà fi lè ṣe iṣẹ́ aago: ẹ sọ ibi tí ẹ ti hán an di mítà, ẹ fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 9.8 pín in, kí ẹ wá square root rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Aláṣọ Gbọ̀nmi, ẹ má bínú sí mi, 4 yín kò ju 0.09 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Nínú òfin World Athletics, àjọ tó ń darí eré sísá lágbàáyé, ẹni tó bá gbéra kí 0.1 ìṣẹ́jú àáyá tó pé lẹ́yìn ìró ìbọn, wọ́n kà á sí ẹni tí kò dúró de ìbọn. Nínú ìdíje àgbáyé ní Eugene, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 2022, níbi tí Tobi Amusan wa ti sáré 12.12, 0.099 ni ẹ̀rọ kà fún Devon Allen ará Amẹ́ríkà nínú àṣekágbá eré ìfo-ìdènà 110 mítà àwọn ọkùnrin, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú eré náà.

Ọmọ Òròkí: Ìyà ni wọ́n fi jẹ ọkùnrin yẹn. Ta ló sọ pé ara ẹnikẹ́ni kò lè yá tó bẹ́ẹ̀?

Aláṣọ Gbọ̀nmi: Mo ti ro ó dáadáa láti àárọ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó jọ̀wọ́ rúlà náà máa ń mí kanlẹ̀ kó tó ṣí ọwọ́, èjìká rẹ̀ ni mo sì ń wò, n kò wo rúlà rárá. Ó jọ pé mo ti pa ọwọ́ dé kí rúlà tó gbéra.

Onílù Ọjà-Ọba: Èmi pa ojú mi dé ni, ẹni tó jọ̀wọ́ rẹ̀ sì ń pariwo bó ṣe ń jọ̀wọ́ rẹ̀, mo wá hán an ní 13. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí etí ni a fi ń tẹ̀lé ìyáàlù. Ẹni tó bá ń wo ọ̀pá ìlù yóò máa kẹ́yìn.

Tíṣà Fìsíìsì: Òótọ́ ni, ìró máa ń tètè dé ọpọlọ ju ohun tí ojú rí lọ.

Màmá Ìbejì, ẹ bá mi rẹ Kẹ́hìndé lẹ́kún. Wọn kì í fi ẹ̀ẹ̀kan pinnu. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló yẹ kí wọ́n jọ̀wọ́ rúlà, kí wọ́n wá ìpíndọ́gba rẹ̀. Lọ́dún 1796, ní ilé ìwòràwọ̀ Greenwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Maskelyne tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ lé olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Kinnebrook, kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé àkókò tí ọkùnrin náà ń kọ fún ìkọjá ìràwọ̀ fi 0.8 ìṣẹ́jú àáyá yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Bessel, awòràwọ̀ ará Jámánì, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àkókò tí àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ń kọ kì í bára mu, bó ti wù kí wọ́n já fáfá tó. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Kinnebrook kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá. Mo bi ọmọ náà léèrè, ó ní ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ní kí òun fi hán an. Ọlọ́wọ́ òsì ni Kẹ́hìndé.

Rúlà Onígi: A kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Tíṣà náà kò jẹ̀bi níbẹ̀.

Aláṣọ Gbọ̀nmi: Ta ló na nǹkan sí i? Rúlà ló ń já bọ́! Ọwọ́ tí ọmọ fi ń kọ̀wé ni kí wọ́n jẹ́ kó lò.

Onílù Ọjà-Ọba: Mo fara mọ́ ọn. Ọwọ́ méjèèjì là ń kọ́ lórí ìlù, síbẹ̀ ọ̀kan máa ń ṣáájú èkejì.

Ìyá Ìbejì: Mo jọ̀wọ́ rẹ̀ fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ó fi òsì hán an, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 18. Ó ti gba rúlà náà lọ́wọ́ mi báyìí, ó ní ó kàn mí.