Ìrírí tèmi lójú ọ̀nà Bright Angel, ní Grand Canyon

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará. Ọ̀pọ̀ yín ló ti sọ ti òkè tí ẹ gùn. Ọ̀gbun lèmi sọ̀ sí ní tèmi, Grand Canyon, ní Arizona, l'Amẹ́ríkà.

Ẹni tó ń gun òkè, ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́ ló ti lè yíjú padà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni yóò sì sọ̀ délé. Grand Canyon kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ara ṣì le koko lèèyàn ń sọ̀. Ìgbà tí orúnkún bá wá ń gbọ̀n, tí oòrùn ti kan àtàrí, ìgbà náà ni gígùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí a sì ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ooru ń le sí i. Nígbà ooru, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún máa ń kọjá dígírì 40 Celsius.

Ìdájí la gbéra, torí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà kìlọ̀ pé kí á má rìn láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà náà ń lọ kọ́lọkọ̀lọ lára àpáta, ògiri lọ́tùn-ún, òfìfo lósì. Òkúta ń pa àwọ̀ dà bí a ti ń sọ̀: funfun ràkọ̀ràkọ̀ lókè, pupa fòò nísàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó wà létí òkè ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù 270 ọdún. Àwọn dúdú tó wà lẹ́bàá odò Colorado, tó ń ṣàn nísàlẹ̀ ọ̀gbun náà, lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀.

Àwọn ìbaaka tún ń gba ọ̀nà yẹn o. Bí ẹ bá pàdé wọn, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kí ẹ dúró sí, kì í ṣe etí ọ̀gbun. Ìtọ̀ wọn dúró sójú ọ̀nà bí adágún, òórùn rẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ. (Ọ̀kẹ́rẹ́ ibẹ̀ ńkọ́? Olè ni! Wọ́n ń ya àpò, wọ́n sì ń géèyàn jẹ.)

Ní Havasupai Gardens, bíi kìlómítà méje sísàlẹ̀, omi ń ṣàn, igi sì wà tó ṣíji boni. Ilẹ̀ àwọn Havasupai, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀ látayébáyé, ni kí wọ́n tó lé wọn kúrò; ọdún 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ wọn pe ibẹ̀. Ibẹ̀ la ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní òun ṣáà mu omi, ìgò lórí ìgò. Ẹ̀ṣọ́ kan bi í pé, "Kí lo jẹ?" Kò jẹ nǹkan kan láti àárọ̀. Òógùn ti kó iyọ̀ ara rẹ̀ lọ, omi lásán ló sì ń dà lé e. Ẹ̀ṣọ́ náà ní kó dáwọ́ omi dúró ná, ó fún un ní bisikíìtì oníyọ̀, ó sì ní kò gbọdọ̀ kúrò lábẹ́ igi títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Àwa náà jókòó tì í, a sì ń jẹ ẹ̀pà oníyọ̀ tiwa. A ò dé odò rárá, kò sì dùn mí. Wákàtí méjì-méjì ni gígùn ń gbà níbi tí a fi wákàtí kan sọ̀.

Èsì ẹnìkan nínú ẹgbẹ́: — Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. Ìgbà òtútù lèmi lọ ní tèmi. Ooru kò sí, ṣùgbọ́n yìnyín ti dì mọ́ ojú ọ̀nà lókè pátápátá, torí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Irin eléyín tí wọ́n ń so mọ́ bàtà ló gbà mí. Àwọn tí kò ní in, ìdí ni wọ́n fi ń wọ́ sọ̀, ọkùnrin àtobìnrin.